Sítọ́ọ̀dù sàlẹ́ńsà ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnì Honda CG125 àtijọ́: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Kẹ̀kẹ́Àtijọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀kadà Honda CG125 àtijọ́ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe. Nígbà tí a ń tú sàlẹ́ńsà, sítọ́ọ̀dù (bóòtù tí kò lórí) méjèèjì tó di ọrùn rẹ̀ mú mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà ṣẹ́. Ti apá òsì ṣẹ́ ku bíi mìlímítà 6 níta. Ti apá ọ̀tún ṣẹ́ wọnú, ó fi nǹkan bíi mìlímítà kan rẹlẹ̀ sí ojú alumíníọ́mù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bóòtù kan tó di kọ́fà kíláàṣì mú ti já lórí, ìyókù rẹ̀ wà nínú ilé ẹ́ńjìnì, kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Mo wọ̀n wọ́n, gbogbo wọn nípọn ní mìlímítà 6.

Mẹkáníìkì kan fẹ́ fi ṣíṣẹ́ẹ̀lì àti òòlù lù ú yí. Ẹlòmíì ní kí n lọ ra extractor, irinṣẹ́ tí wọ́n ń ki sínú bóòtù tó ṣẹ́ láti fi yí i jáde. Tọ́ọ̀pù sílíńdà ṣì wà lórí máṣíìnì. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ỌmọTọ́nà
Ẹ jẹ́ ká dá òòlù yẹn dúró ná. Kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ wádìí ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣẹ́. Ṣé nígbà tí wọ́n ń tú u ni, àbí nígbà tí wọ́n ń dè é?

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń dè é ló ṣẹ́, kò sí ohun tó mú un nínú ihò. Agbára ọwọ́ ló pọ̀ jù, ọrùn bóòtù sì já. Bí orí ṣe já báyìí, kò sí ohun tó ń fà á mọ́, èyí tó kù nínú sì lè máa yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹ fi ẹnu pọ́ńṣì kékeré ta etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí apá òsì, ó ṣeé ṣe kó jáde láìjẹ́ pé ẹ gbẹ́ ihò sí i rárá.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń tú u ló ṣẹ́, a jẹ́ pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó yí ara bóòtù ká, ti dì nínú ihò. Irin àti alumíníọ́mù kì í bára wọn gbé ní àlàáfíà níbi tí omi bá ti ń dé. Alumíníọ́mù á jẹrà, á di ìyẹ̀fun funfun, ìyẹ̀fun náà á sì fẹ̀ ju àyè tó wà níbẹ̀ lọ, á fún bóòtù pa. Ẹ rò ó wò: sípánà ti fi agbára já bóòtù tó nípọn ní mìlímítà 6, kò yí. Báwo ni extractor tó tín-ín-rín ní mìlímítà 3 ṣe máa wá yí i? Irú èyí, iná ló ń tú u, kì í ṣe agbára.

Nígbà tí iná bá kan méjèèjì, alumíníọ́mù máa ń wú bí ìlọ́po méjì irin. Bó bá gbóná tó 150°C, àlàfo tó máa là yí bóòtù mìlímítà 6 ká jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti já ìyẹ̀fun náà.

Nítorí náà, ẹ sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ fún wa.

ẸnuFáàfù
Ẹ má gba ṣíṣẹ́ẹ̀lì láyè rárá. Etí ihò sítọ́ọ̀dù ní ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde kò nípọn. Bí ṣíṣẹ́ẹ̀lì bá yọ̀, etí náà á bù, tọ́ọ̀pù sílíńdà míì ni ẹ máa lọ rà. Òòlù ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbí: ẹ gbé pọ́ńṣì sí àárín gbùngbùn bóòtù, ẹ lù ú tààrà sínú, kọ́ kọ́ kọ́, kí gbígbọ̀n rẹ̀ lè já ìpẹtà. Òòlù òfẹ́ẹ́rẹ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ má lù ú yípo.

Òjíṣẹ́Sípánà
Mi ò gbà pé extractor kò wúlò. Fún bóòtù kọ́fà yẹn, ó tó. Ẹ fi pọ́ńṣì sàmì sí àárín, ẹ fi dírílì gbẹ́ ihò mìlímítà 3, ẹ ki extractor bọ̀ ọ́, ẹ yí i sí òsì pẹ̀lú ọwọ́ táàpù (irinṣẹ́ tó ń gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì sínú ihò). Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ni ti iná lórí bóòtù kọ́fà?

ỌmọTọ́nà
@Òjíṣẹ́Sípánà, lórí bóòtù tí kò dì, ó lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń lọ́ bí ìwo àgbò, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ tóbi. Bó ṣe ń wọlé ló ń ti ara bóòtù tí ẹ ti gbẹ́ lu síta, bóòtù náà á wá tún fún mọ́ ara ihò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì fipá yí i, extractor á kán sínú. Irin rẹ̀ le gan-an, ẹnu dírílì lásán kò lè jẹ ẹ́. Ẹnu dírílì carbide, èyí tó le ju irin lọ, ló lè jẹ ẹ́, tàbí kí ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fi sípáàkì iná jẹ irin. Iṣẹ́ tí wẹ́dà (ajóórin) lè ṣe láàárọ̀ kan á wá di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹ bá máa lò ó dandan, ẹ wá irú èyí tí ojú rẹ̀ tọ́, tí kò lọ́. Ìyẹn kì í fẹ bóòtù tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ti rí i pé ó ń tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín tí bóòtù kò mira, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

AjóórinṢàgámù
Fún èyí tó ṣẹ́ wọnú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ẹ pe wẹ́dà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù pé iná máa yọ́ alumíníọ́mù. Òótọ́ ni pé 660°C ni alumíníọ́mù ń yọ́, tí irin sì ń dé nǹkan bíi 1,500°C kó tó yọ́. Àmọ́ irin tí a fi ń jó kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ́mù. Bí iná bá dúró sórí bóòtù nìkan, tí ọwọ́ sì yá, tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú kò ní í bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tú táńkì epo àti kàbúrétọ̀ kúrò, ẹ gbé wọn jìnnà. Ẹ tú wáyà bátìrì, bí ti yín bá sì ní CDI (àpótí kékeré tó ń darí sípáàkì), ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ara tọ́ọ̀pù sílíńdà gan-an ni kí wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ìjóórin ti di mú, ẹ má fi mú férémù. Bí iná bá ní láti gba inú bẹ́ríìnì ẹ́ńjìnì kọjá kó tó padà sílé, á dá àpá sí ojú bẹ́ríìnì náà, ẹ ó sì máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha orí bóòtù títí á fi máa dán.

Bóòtù yẹn jẹ́ mìlímítà 6, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì mìlímítà 8 ni kí ẹ gbé lé e. Ihò nọ́ọ̀tì 6 há jù, iná á máa jó etí nọ́ọ̀tì dípò kó dé orí bóòtù. Torí pé bóòtù rẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kán irin lé e lórí: ẹ kán ọ̀kan, ẹ dúró, ẹ gbá ìdàrọ́ rẹ̀ dànù, ẹ kán òmíràn. Bí ìdàrọ́ bá wà lábẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní í mú. Nígbà tó bá yọ síta díẹ̀, ẹ gbé wáṣà tó nípọn lé e, ẹ jó o mọ́ ọn, kí ẹ tó wá gbé nọ́ọ̀tì lé wáṣà. Wáṣà yẹn ló ń gba iná dúró kó má bàa kan ojú alumíníọ́mù tí gáskẹ́ẹ̀tì ń jókòó lé.

Ìkánjú ló ń ba ìyókù jẹ́. Bí nọ́ọ̀tì bá ṣì pọ́n, irin rẹ̀ rọ̀. Sípánà tí ẹ bá fi kàn án nígbà yẹn á já a. Ẹ jẹ́ kí pupa náà wọlẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì sí i, kí ẹ wá yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ yí i sí ọ̀nà dídè díẹ̀, kí ẹ tó yí i sí ọ̀nà títú. Bí nọ́ọ̀tì bá já, ẹ tún òmíràn jó. Kì í ṣe òfò: gbogbo ìgbà tó bá gbóná tó sì tutù ni ìdè inú ń já sí i.

Délé_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin àgbà. Ìkìlọ̀ kan nípa ohun tí AjóórinṢàgámù sọ: kí ẹnikẹ́ni má fi sípíréè tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì nu ibi tí wọ́n fẹ́ jó. Àwọn kan nínú wọn ní kẹ́míkà tó ní chlorine nínú, bí iná ìjóórin bá kàn án, ó lè di gáàsì phosgene, májèlé tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà tó. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi nǹkan nù ún, acetone ni, kó sì gbẹ pátápátá, kí ìgò rẹ̀ kúrò nítòsí.

Kí wẹ́dà tó dé, ẹ dán àbẹ́là wò. Ẹ fi iná gáàsì gbá ara alumíníọ́mù tó yí bóòtù ká, ẹ má dojú iná kọ bóòtù fúnra rẹ̀. Nígbà tí omi tí ẹ bá kán sí i bá ń hó tó sì ń gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi àbẹ́là kan etí bóòtù. Á yọ́, tẹ́rẹ́ẹ̀dì á fà á wọlé. WD-40, sípíréè tí wọ́n fi ń tú ìpẹtà, kò dé ibi tí àbẹ́là ń dé. Àdàlú ATF (ọ́ìlì gíá ọkọ̀ tó ń yí gíá fúnra rẹ̀) àti acetone, ìdajì sí ìdajì, náà dára fún èyí tó ní ìyókù níta, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ máa mi ìgò rẹ̀ torí pé wọn kì í pò pọ̀ pẹ́. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà: acetone àti iná gáàsì kò gbọ́dọ̀ pàdé.

Fún èyí tó yọ mìlímítà 6 síta: nọ́ọ̀tì méjì lè wọ ibẹ̀ bí ẹ bá fi fáìlì dín wọn kù. Ẹ dè wọ́n mọ́ra wọn gírígírí, kí ẹ fi sípánà yí ti inú sí òsì. Bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ fi fáìlì lá ojú méjì tó dojú kọra wọn sí ara rẹ̀, kí vice grip (pláyà tó ń tì pa) lè rí nǹkan dì mú. Bí vice grip bá ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún gbìyànjú rẹ̀, nọ́ọ̀tì tí wọ́n jó mọ́ ọn ló kù.

Kẹ̀kẹ́Àtijọ́
Ẹ ṣé gan-an. Sítọ́ọ̀dù méjèèjì, nígbà tí a ń tú wọn ni wọ́n ṣẹ́. Bóòtù kọ́fà, ẹni tó dè é kẹ́yìn ló já a lórí, a kàn bá a bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi pọ́ńṣì ta á, kò yí. Wẹ́dà àdúgbò wa kò ní ẹ̀rọ CO2 (ẹ̀rọ ìjóórin oníwáyà tó ń lo gáàsì), ti ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá ìjóórin) ló ní, ọ̀pá géèjì 10 ló sì ń lò. Ṣé ó lè ṣe é?

AjóórinṢàgámù
Ẹ̀rọ CO2 ló rọrùn jù, torí pé kì í ní ìdàrọ́, iná rẹ̀ sì kéré. Ti ẹlẹ́kítíróòdù náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má gba géèjì 10. Ìyẹn nípọn tó mìlímítà 3.2, iná tó sì ń gbà pọ̀ ju ohun tí bóòtù 6 lè gbé lọ. Ẹ ra géèjì 12, tí í ṣe mìlímítà 2.5, kó tún jẹ́ tuntun tó gbẹ. Kó fi ẹ̀rọ sí nǹkan bíi ámpì 75 sí 85. Kó kọ́kọ́ kán an dánwò lórí orí bóòtù mìlímítà 6 míì nílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ yọ tọ́ọ̀pù sílíńdà náà kúrò lórí máṣíìnì. Lórí máṣíìnì, bóòtù ń wo iwájú, irin tó yọ́ á máa ṣàn wá sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì tí ihò ń wo òkè, ìkán irin á jókòó síbi tí ẹ fi í sí. Gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíńdà tuntun ni olórí ohun tí ìyẹn máa ná yín.

Onímọ̀Ọjà
Kò sí ẹni tó dárúkọ álọ́ọ̀mù. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú kí omi tòrò, tó wà lọ́jà káàkiri, máa ń jẹ irin, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ alumíníọ́mù. Ẹ po ó mọ́ omi gbígbóná títí kò fi ní í yọ́ mọ́, ẹ ri tọ́ọ̀pù sílíńdà sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbóná lábẹ́ iná pẹ̀lẹ́. Bóòtù á yọ́, á di ìdọ̀tí dúdú.

ẸnuFáàfù
Ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù jẹ́ òótọ́, àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi yọ sukúrúù irin kúrò nínú idẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ri tọ́ọ̀pù sílíńdà sínú rẹ̀! Ìjókòó fáàfù tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, irin ni. Fáàfù àti sípíríǹgì, irin ni. Álọ́ọ̀mù kò mọ èyí tí ẹ fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò fẹ́, gbogbo rẹ̀ ló máa jẹ. Bákan náà ni ilé ẹ́ńjìnì tí bẹ́ríìnì ṣì wà nínú rẹ̀.

Ibi tó wúlò ni ara kọ́fà alumíníọ́mù lásán, tí kò sí irin mìíràn lára rẹ̀. Ó tún wúlò bí táàpù bá kán sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Inú àwo tánńganran tàbí gíláàsì ni kí ẹ ti ṣe é, kó máa gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ẹ máa fi omi àti álọ́ọ̀mù kún un, kí ẹ sì máa nu ìdọ̀tí dúdú náà kúrò lójú bóòtù. Bí bóòtù náà bá jẹ́ stainless, ẹ má fi àkókò ṣòfò, kò ní í jẹ ẹ́.

ỌmọTọ́nà
Ó ku bóòtù kọ́fà. Bí pọ́ńṣì kò bá yí i, dírílì ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ti ń bàjẹ́. Ojú ibi tó já kì í tẹ́jú. Ẹnu dírílì á yọ̀ kúrò lórí irin tó le, á wọ inú alumíníọ́mù tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa mọ̀, ihò ti wọ́, bóòtù ṣì wà níbẹ̀.

Kọ́fà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe amọ̀nà. Ẹ gbé e padà sí ipò rẹ̀, ẹ fi bóòtù mẹ́ta tàbí mẹ́rin yòókù dè é. Ẹ wá ní kí tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) gé búṣì irin kékeré kan fún yín: kí ìta rẹ̀ wọ ihò kọ́fà ṣinṣin láìmì, kí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3 géérégé, kó sì gùn tó mìlímítà 25. Ẹ ti búṣì náà wọlé títí á fi kan orí bóòtù tó ṣẹ́. Bí dírílì bá gba inú rẹ̀ kọjá, àárín gbùngbùn ló máa dé, ì báà jẹ́ pé ojú ibẹ̀ wọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi wáyà tín-ín-rín wọn ìjìnlẹ̀ ihò bóòtù míì tí gígùn rẹ̀ bá èyí mu, ẹ wá fi tépù sàmì sí ara ẹnu dírílì. Bí ẹ bá lu ìsàlẹ̀ ihò, ọ́ìlì á máa jò níbẹ̀ títí ayé. Kí dírílì máa yí jẹ́jẹ́, ẹ máa kán ọ́ìlì sí i, ẹ máa yọ ọ́ kí èéfọ́ irin jáde.

Bí ẹ bá lè rí ẹnu dírílì tó ń gé sí apá òsì, òun ni kí ẹ lò. Bó ṣe ń gbẹ́ ló ń yí bóòtù sí ọ̀nà àbájáde. Bóòtù tó já nígbà tí wọ́n ń dè é sábà máa ń gun ẹnu dírílì náà jáde kí ẹ tó gbẹ́ ẹ dé ìdajì.

Bí kò bá jáde, ẹ yọ kọ́fà, ẹ fi aṣọ dí gbogbo ibi tí èéfọ́ lè gbà wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ lọ sí mìlímítà 4, lẹ́yìn náà 5. Mìlímítà 5 ni ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí, torí òun ni ihò táàpù 6 onítẹ́rẹ́ẹ̀dì 1.0. Ohun tó kù lára ògiri ihò nígbà náà kò ju tẹ́rẹ́ẹ̀dì irin lásán lọ, bíi wáyà tó lọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó le já ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ fi pláyà ẹnu ṣóńṣó fà á jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, táàpù 6 á kàn nu ihò ni: ẹ fi gíríìsì sí i lẹ́nu kó lè mú èéfọ́ dání, ìdajì òyì síwájú, ìdá mẹ́rin sẹ́yìn.

Òjíṣẹ́Sípánà
Bí ihò bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ohun tó yá jù ni kí ẹ sọ ọ́ di mìlímítà 8. Ihò 6.8, táàpù 8 onítẹ́rẹ́ẹ̀dì 1.25, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan á ní kí ẹ fi gọ́ọ̀mù irin kún un, kí ẹ wá ta táàpù sí i.

ỌmọTọ́nà
Gọ́ọ̀mù irin kò lè gbé e. Lójú sàlẹ́ńsà, ooru á sọ ọ́ di ẹfun lọ́sẹ̀ kan. Ní ti kọ́fà, ẹni tó bá tún tú u lọ́jọ́ iwájú ló máa fa gbogbo rẹ̀ jáde.

Sísọ ọ́ di 8 dára fún sàlẹ́ńsà bí ẹran alumíníọ́mù tó yí ihò ká bá tó mìlímítà 4 yíká. Àmọ́ ihò ọrùn sàlẹ́ńsà ṣì jẹ́ ti 6. Ẹ ní kí tọ́nà gé sítọ́ọ̀dù alápá méjì: 8 ní apá tó ń wọ tọ́ọ̀pù sílíńdà, 6 ní apá tó ń gba nọ́ọ̀tì. Ẹ kò ní í fọwọ́ kan ọrùn sàlẹ́ńsà rárá.

Fún kọ́fà, mi ò gbà 8. Orí bóòtù 8 kò ní í jókòó dáadáa, ẹran tó yí ihò ká kò sì tó. Helicoil, wáyà líle tó lọ́ bí sípíríǹgì tó ń di tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun nínú ihò, ló tọ́: ihò mìlímítà 6.3, táàpù tirẹ̀ tó bá a wá (táàpù 6 lásán kọ́), kí ẹ wá lọ́ wáyà náà wọlé títí á fi rẹlẹ̀ sí ojú ihò ní ìdá mẹ́rin òyì sí ìdajì. Kó gùn tó mìlímítà 9. Ìrù rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ẹ kán an, ẹ sì yọ ọ́ jáde. Wáyà yẹn le ju alumíníọ́mù lọ, nítorí náà tẹ́rẹ́ẹ̀dì náà á lágbára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá rí Helicoil rà, tọ́nà lè gé búṣì onítẹ́rẹ́ẹ̀dì nínú àti níta, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ihò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀.

ÌyáNọ́ọ̀tì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wá ra bóòtù láìmú àpẹẹrẹ dání. Bóòtù kọ́fà CG kò gùn bákan náà. Nígbà tí ẹ bá ń tú wọn, ẹ ya àwòrán kọ́fà sí ara páálí, ẹ lu ihò sí i bí wọ́n ṣe tò, kí ẹ máa ki bóòtù kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Èyí tó gùn jù á kanlẹ̀ nínú ihò kí orí rẹ̀ tó kan kọ́fà. Ẹni tó ń dè é á rò pé ó ti le, kọ́fà á sì máa jo ọ́ìlì. Bó bá fipá sí i, bóòtù á já. Mo lérò pé bí ti yín ṣe já nìyẹn. Èyí tó kúrú jù á ya tẹ́rẹ́ẹ̀dì: ó kéré tán, kí mìlímítà 9 wọ inú alumíníọ́mù.

Ẹ wo orí rẹ̀. Kí 8.8 wà lára rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó. Èyí tí orí rẹ̀ mọ́ lásán, tí kò ní nọ́ńbà, irin rírọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. 12.9 kò sì ṣe yín láǹfààní kankan níbẹ̀, tẹ́rẹ́ẹ̀dì alumíníọ́mù ló máa ṣí kí òun tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Stainless ń dán, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ bí ẹ kò bá fi gíríìsì sí i, ó máa ń dì mọ́ alumíníọ́mù níbi tí omi bá ń dé.

Fún ọrùn sàlẹ́ńsà, ẹ béèrè nọ́ọ̀tì idẹ. Idẹ kì í bá irin dípẹtà pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, bí nǹkan kan bá máa bàjẹ́, nọ́ọ̀tì ni yóò jẹ́, sítọ́ọ̀dù á wà. Ọjà tó ń ti Nnewi wá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pátì máṣíìnì, ẹ kàn ní sùúrù kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ.

ZemÀjàṣẹ́
Gbogbo yín ti sọ bí a ṣe ń yọ ọ́, kò sẹ́ni tó sọ ìdí tí ti sàlẹ́ńsà fi ń ṣẹ́ léraléra. Ẹ wo ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà. Bóòtù tó so ó mọ́ férémù nítòsí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn sábà máa ń sọnù, àwọn èèyàn á sì fi wáyà so ó tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìwọ̀n sàlẹ́ńsà àti gbígbọ̀n rẹ̀ wà lórí sítọ́ọ̀dù méjì tó nípọn ní mìlímítà 6. Kò lè pẹ́.

Bí ẹ bá ń dá a padà: gáskẹ́ẹ̀tì ọrùn tuntun, kì í ṣe ti àtijọ́ tó ti tẹ́. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì iwájú méjèèjì wọlé. Ẹ fi bóòtù ẹ̀yìn sí i, ẹ má tíì dè é. Ẹ wá de nọ́ọ̀tì iwájú ní pàṣípààrọ̀, ìdajì òyì sí ọ̀tún, ìdajì sí òsì, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọrùn rẹ̀ máa dọ́gba. Ẹ̀yìn ni ẹ ó dè gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ de ẹ̀yìn ti fa ọrùn sàlẹ́ńsà wọ́, sítọ́ọ̀dù kan á máa gbé ẹrù èkejì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnì tó gbóná tó sì tutù lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún yẹ nọ́ọ̀tì iwájú wò, torí gáskẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń tẹ̀ sí i.

Kẹ̀kẹ́Àtijọ́
Mo ti tú tọ́ọ̀pù sílíńdà sílẹ̀, ọ̀la ni wẹ́dà máa ṣe é. Ìbéèrè kan ló kù: n kò ní sípánà tó ń ka agbára. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé bóòtù 6 ti tó?

ẸnuFáàfù
Bóòtù 6 nínú alumíníọ́mù, nǹkan bíi 10 N·m (ìwọ̀n agbára ìyípo) ló ń fẹ́. Ìyẹn dà bí ìwọ̀n kílò 5 tó so kọ́ sí ọ̀pá sípánà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí àárín bóòtù. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 tó kún jẹ́ kílò 5 àti díẹ̀. Ẹ wá sípánà gígùn, ẹ fi tépù sàmì sí sẹ̀ǹtímítà 20, kí ọ̀pá rẹ̀ wà ní ìbú gbọọrọ, ẹ fi okùn so kẹ́ẹ̀gì náà kọ́ síbi àmì. Níbi tó bá ti dúró, ibẹ̀ ló tó. Ẹ ṣe é lórí bóòtù 6 kan tí ẹ dè mọ́ irin lórí fáìsì, lẹ́ẹ̀mélòó kan, títí ọwọ́ yín á fi mọ bó ṣe rí lára. Lẹ́yìn náà ẹ lo sípánà 10 kékeré, kí ẹ dì í mú nítòsí orí rẹ̀, kí agbára ọwọ́ má bàa pọ̀ jù.

Délé_Peckham
Àfikún kan: ìwọ̀n yẹn wà fún tẹ́rẹ́ẹ̀dì gbígbẹ. Bí ẹ bá fi gíríìsì oníbàbà sí sítọ́ọ̀dù sàlẹ́ńsà, tó sì yẹ kí ẹ fi sí i, tẹ́rẹ́ẹ̀dì á máa yọ̀, agbára kan náà á sì fa bóòtù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dín in kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún: lítà 4 nínú kẹ́ẹ̀gì dípò 5. Kí gíríìsì náà má sì kún ìsàlẹ̀ ihò tó dí nísàlẹ̀. Bí bóòtù bá tẹ gíríìsì tàbí ọ́ìlì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kò ní ibi tó máa gbà jáde, ó lè la ilé ẹ́ńjìnì. Ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò náà mọ́, kí ẹ wá fi gíríìsì pa ara tẹ́rẹ́ẹ̀dì bóòtù nìkan.